Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Sí Olómijé Létí

Olómijé kú lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lọ́sàn-án gangan, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn èèyàn náà sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Mi ò ṣì í kọ, ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn yìí náà ò ṣì í tẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Inú ló ń run ún. Láti òwúrọ̀ ló ti ń run ún tó ń fara dà á, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé wọn, tó fi tipátipá gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sáré jáde lọ wá omi tó ní òun fẹ́ mu. Ibẹ̀ ni ìrora náà ti ki í mọ́lẹ̀. Obìnrin náà dì mọ́ ikùn rẹ̀, ó ká kò, ó bú sẹ́kún.

Aláìsàn kan tó jókòó ní òdìkejì wò ó, ó tún un wò, ló bá figbe ta: "Háà! Ṣé Olómijé kọ́ nìyí? Olómijé inú fíìmù!" Ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá dà rú. Àwọn tó ń kérora gbàgbé ìkérora wọn. Àwọn tó wá kí èèyàn yọ fóònù. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo bí omijé ṣe ń já bọ́ lójú ẹ̀! Ó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe!" Òmíràn ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, fóònù mi ò tíì gbé e!" Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ rọra o, a kì í ya fíìmù níbí. Ó máa tó kàn yín." Ó tún tẹ orí ba, ó ń bá ohun tó ń ṣe lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó gbọ́. Ojú tì í. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú, ó sì dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé eré ti parí nìyẹn, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi máa gbé omi dé, ó ti fi orí ti ògiri, kò sì dá a lóhùn mọ́.

Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan kan ló bẹ́ nínú ìfun rẹ̀, pé bí wọ́n bá tètè gbé e wọlé ni, wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Bí wọ́n bá tètè gbé e wọlé! Àwọn wo ni "wọ́n"? Ta ló yẹ kó gbé e wọlé, àwa tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ni àbí ògiri tó fi orí tì? Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé àtẹ́wọ́ tèmi wà nínú èyí tí wọ́n pa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa béèrè pé ta tiẹ̀ ni Olómijé. Kò burú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Fíìmù kan ni wọ́n ti rí i, ó ṣe ọmọ tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó kúrò nílé. Lápá ìparí, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ti ṣófo, ó kọjú sí wa. Kò pariwo. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri, lẹ́yìn náà ni omijé wá dà. Nínú ilé sinimá, àwọn bàbá tó gbójú gbóyà ní eruku ló kó sí àwọn lójú. Eruku wo, nínú ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa? Àwọn ìyá ń di ọwọ́ ọmọ wọn mú gírígírí lọ sílé. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é mọ́. Olómijé ló ń jẹ́. Fíìmù yòówù tí ọmọdé bá ti máa sunkún nínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń wá lọ.

Èmi mọ̀ ọ́n kó tó di Olómijé. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, inú yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń rán aṣọ, ibẹ̀ ni mo ti máa ń tún ṣòkòtò ṣe. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọmọ náà máa ń jókòó sí, a máa ṣa bọ́tìnì tó bá já bọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò ní gbà gbọ́ fún yín: aláwàdà ni. Ẹ̀rín ni wọ́n dá mọ́ ọmọ yẹn. Bí oníbàárà kan bá jáde báyìí, á bọ́ síta lábẹ́ tábìlì, á sín in jẹ lójú ẹsẹ̀: ìyá oníkùn tó máa ń sé èémí kí wọ́n má bàa rí bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó, ọ̀gá tíṣà tó máa ń yẹ ojú rírán wò bí ẹni ń máàkì ìwé. Ìyá rẹ̀ á máa bá a wí, á sì máa fi etí aṣọ nu omi ẹ̀rín lójú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo wọlé, ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi ọwọ́ mẹ́jèèjì bo ojú, ó ní, "Bàbá oníwèé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ mí sínú bébà yín o, mi ò tíì wẹ̀!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé ṣòkòtò tí mo wá gbà.

Ẹ̀rín yẹn náà ni olùdarí fíìmù bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá kó aṣọ tó ní kí ìyá wọn rán fún àwọn òṣèré rẹ̀. Ẹ mọ olùdarí náà. Bàbá Fíìmù ni gbogbo yín ń pè é báyìí, ẹ sì ń dìde fún un tó bá wọlé. Ọmọ náà sín òun gan-an jẹ, bó ṣe ń fi ìka ya fèrèsé sójú ara rẹ̀ láti fi wo nǹkan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ yá mi ní ọmọ yìí." Ìyá rò pé àwàdà ni. Ọmọ tó pa á lẹ́rìn-ín ló mú lọ, ẹkún ló sì lọ mú kó máa sun. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀gá yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn onífíìmù mìíràn, bí wọ́n bá fẹ́ omijé lójú òṣèré, wọ́n á gbé alùbọ́sà sún mọ́ ojú rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi òróró tó ń ta èèyàn pa ìpéǹpéjú rẹ̀. Bàbá Fíìmù ní ayédèrú ni gbogbo ìyẹn, pé kámẹ́rà mọ omijé tòótọ́ yàtọ̀. Tirẹ̀ ni pé tí gbogbo nǹkan bá ti ṣe tán, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé ẹnu sún mọ́ etí ọmọ náà, á sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Á rọra fà sẹ́yìn, á na ọwọ́ sí oníkámẹ́rà. Ojú ọmọ náà á sì yí pa dà. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Gbogbo àwọn onífíìmù ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀gá, kí lẹ máa ń sọ?" Á rẹ́rìn-ín, á ní àṣírí iṣẹ́ ni. Ìwé ìròyìn ní ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí àmì ẹ̀yẹ. Kò sẹ́ni tó lọ bi ọmọ náà pé, ìwọ, kí ni wọ́n sọ fún ẹ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró kí oníbàárà tó ń dirun fún jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Bàbá, 'Ìyá rẹ ti kú.' Ohun tó máa ń sọ fún un nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà. Inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sẹ́yìnkùlé lèmi àti Màmá máa ń wà. Wọ́n á ní ká tẹrí ba kí àbúrò mi má bàa rí wa láti ojú fèrèsé. Màmá á fi ọwọ́ di etí, nítorí a máa ń gbọ́ ẹkún ẹ̀. Tí wọ́n bá ti parí, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn mọ́tò, Màmá á sáré jáde, á gbé e mọ́ra. Ọ̀gá náà ti sọ fún Màmá pé ọmọdé ò mọ nǹkan kan, pé kó tó jẹun tán, á ti gbàgbé."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti fẹ́ máa na ìka sí ìyá yẹn, ẹ fi ìka yín pa mọ́. Obìnrin kan tó ń dá tọ́mọ, tí èèyàn ńlá wọ yàrá rẹ̀ wá sọ fún pé ẹ̀bùn ni ọmọ rẹ̀, pé báyìí la ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa. Ṣé ẹ̀yin ì bá kọ̀? Obìnrin náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí ara rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ náà dùn mọ́ nínú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé ṣé ọmọ náà ò wá mọ̀ nígbà tó yá pé irọ́ ni.

Ó ní, "Ó mọ̀ kẹ̀! Mo bi í lọ́jọ́ kan lórí ibùsùn. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé irọ́ ni o. Àmọ́ tó bá ti sọ ọ́, ara mi ò kì í mọ̀.'"

Ara mi ò kì í mọ̀. Mo ti ń kọ̀wé tipẹ́, mi ò tíì kọ ohun tó tó ìyẹn rí.

Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá wọn ṣubú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni ọmọ náà wà. Aládùúgbò kan ló gbé ìròyìn lọ síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, oníkámẹ́rà wọn ìgbà náà ló sọ ọ́ fún mi, ó ti darúgbó, ó sì sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní Bàbá Fíìmù dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ ti kú."

Ọmọ náà nà ró ṣánṣán. Ó wojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún?"

Ọkùnrin náà ní rárá, òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó ní, "Màmá, wọ́n ti ṣe tán o, ẹ jáde." Oníkámẹ́rà ní gbogbo àwọn dúró bí ère, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Ó lọ yí mọ́tò náà ká, ó ń fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń bá a ṣe bojúbojú.

Kò sunkún níbi ìsìnkú. Kò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún gbé e síwájú kámẹ́rà, omi kankan kò jáde. Wọ́n mú alùbọ́sà tí ọ̀gá ti ń bú tẹ́lẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Fíìmù wò ó, ó sọ fún àwọn tó dúró tì í pé, "Ọmọ yìí ti gbẹ." Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kànga. Ó wá ọmọ mìíràn. Èmi ò mọ ohun tó ń sọ sí ìyẹn létí.

Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo gbé wá. Ohun tí mo ń béèrè ni pé nígbà tí ọmọ náà dàgbà, tó ń lọ láti ọ́fíìsì onífíìmù kan dé òmíràn, tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n ṣe," kí ló dé tí kò sẹ́ni tó fún un láyè? Wọ́n ní ta ló fẹ́ rí ẹ̀rín Olómijé. Ní títì, àwọn èèyàn á dá a dúró: "Olómijé, sunkún díẹ̀ fún wa, jọ̀ọ́!" Á rẹ́rìn-ín, á kọjá. Ẹ̀yin ń rò pé ìgbéraga ni.

Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ló ti wá ń ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn, ibi tí àwọn òbí máa ń fi ọmọ sí tí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Ó ń sín bàbá wọn jẹ, ó ń sín ìyá wọn jẹ, wọ́n á yí gbiri nílẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ìyá tó ni ibẹ̀ sọ fún mi pé òfin kan ṣoṣo ni Olómijé ní. Bí ìyá ọmọ kan bá ń lọ, tí ọmọ ń sunkún, àwọn olùtọ́jú yòókù á fẹ́ tan ọmọ náà, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Olómijé kì í gbà. Á gbé ọmọ náà lọ sójú fèrèsé, á ní, "Wò ó, òun nìyẹn, ó ń lọ. Ó máa pa dà wá tí a bá ti sùn, tí a tún jí." Á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí ìyá náà á fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò parọ́ ibi tí ìyá wà fún ọmọ kankan rí.

Láti ọjọ́ ikú ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí omijé lójú rẹ̀ mọ́. Ẹkún tó sun lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn ni àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n kò sì sí níbẹ̀ láti rí i. Inú fóònù àwọn èèyàn ló ti wò ó. Ẹ ń gbé e kiri báyìí, ẹ ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó dágbére fún wa bó ṣe kí wa. Ẹ ò tijú? Ẹ pa á rẹ́. Èmi ń sọ ọ́ fún yín bí àgbàlagbà: ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó sùn lónìí.

Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ kú iṣẹ́! Ṣé ní ẹ̀ka mìíràn, àwọn aláìsàn ibẹ̀ kì í sunkún ni? Ẹ jáde, ẹ sọ fún wa ẹni tó yẹ kó máa wo àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àti ìdí tí kò fi sẹ́ni tó fọwọ́ kan ikùn obìnrin tó ń ké. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Ó wá ku Sátidé. Ẹgbẹ́ àwọn onífíìmù ti gba gbọ̀ngàn ńlá láti fi ṣe ẹ̀yẹ fún un, Bàbá Fíìmù ni alága, wọ́n sì ti lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri pé wọn yóò fi ẹkún ẹnu ọ̀nà yẹn hàn lójú aṣọ funfun tó tóbi bí ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ní, "Àǹtí, ohun táwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ̀yẹ la fẹ́ ṣe fún un."

Onídìrí yẹn ní, "Kì í ṣe eré ló ń ṣe níbẹ̀. Àbúrò mi ló ń sunkún ìyá wa. Ìyá wa sì wà nínú mọ́tò, ó ń gbọ́ ọ. Ẹ má fi í hàn mí mọ́."

Wọ́n ní àwọn á wò ó. Èmi fúnra mi pe Bàbá Fíìmù lórí fóònù. Ó ní, "Oníwèé ìròyìn wa! Ó dùn wá o. Ọmọ mi ni."

Mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ sí ọmọ yín létí, ṣé ẹ lè sọ ọ́ fún mi?"

Ó ní, "Ìyẹn ti pẹ́. Iṣẹ́ ni." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé wa pé kò ní tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ onífíìmù, ẹ ṣe òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi irọ́ dẹ́rù ba ọmọdé kó lè rí omijé yà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é sí i. Ẹ sọ fún wa ohun tójú àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé Olómijé rí, nítorí wọ́n ṣì wà láyé, a sì lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Fíìmù ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó ṣe é bó ṣe wù ú.

Ọmọ kan bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n má kọ òun sínú bébà mi, òun ò tíì wẹ̀. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Àwa la ò tíì wẹ̀.

Bí Bàbá Fíìmù bá sì ṣì fẹ́ gun orí pèpéle lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó máa dí i lọ́nà. Kí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un. Kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kó gbé ẹnu sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń gbé e sún mọ́ etí ọmọ ọdún mẹ́fà, kó sì sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn jáde kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, kí ẹ̀gbọ́n tó jókòó níwájú gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà á, kó pàtẹ́wọ́.